Àjọbí, Àjọgbé àti Ìmùlẹ̀: Kí Ní Ń So Ìlú Mọ́ Ìlú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba àwọn aládùúgbò níyànjú pé kí wọ́n rẹ́ pọ̀. Òwe náà dára, ó sì bá ibẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ohun tí ó sọ kò ju pé ọmọdé àti àgbà nílò ara wọn lọ. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọdé bá dàgbà, tí ọwọ́ òun náà tó pẹpẹ, tàbí ní ọjọ́ tí àgbà bá ra ṣíbí tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí ó lè dé ìsàlẹ̀ akèrègbè. Ǹjẹ́ wọn yóò ṣì máa bá ara wọn ṣe? Bí ó bá jẹ́ àìní nìkan ni ó so wọ́n pọ̀, kí ni yóò mú wọn dúró nígbà tí àìní bá tán? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, kì í ṣe lórí ọmọdé àti àgbà, bí kò ṣe lórí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó jọ pààlà.

Ilẹ̀ Yúróòpù ni àwọn onímọ̀ ìṣèlú ti kọ́kọ́ jà lórí ọ̀rọ̀ yìí jù lọ, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Láàárín àádọ́rin ọdún, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Faransé àti Jámánì gbé ohun ìjà sí ara wọn: ní 1870, ní 1914 àti ní 1939. Nígbà tí ogun kẹta parí ní 1945, kò sí ilé tí kò ṣọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1950, Robert Schuman, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Faransé, dìde, ó dá a lábàá pé kí Faransé àti Jámánì kó èédú àti irin wọn sí abẹ́ àkóso àjọ kan ṣoṣo. Èédú àti irin ni a fi ń rọ ìbọn àgbá. Ẹni tí kò lè dá èédú rẹ̀ ná, tí kò lè dá irin rẹ̀ rọ, kò lè dá ogun sílẹ̀ lẹ́yìn aládùúgbò rẹ̀. Ní 1951, orílẹ̀-èdè mẹ́fà fọwọ́ sí àdéhùn náà ní Paris: Faransé, Jámánì ti Ìwọ̀-Oòrùn, Ítálì, Bẹ́ljíọ̀m, Họ́lándì àti Lúsẹ́mbọ́ọ̀gì. Ibẹ̀ ni ohun tí a ń pè ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù lónìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó mú kí ó ṣeé ṣe? Ìdáhùn kò jọra, ọ̀nà mẹ́rin ni mo sì lè pín in sí.

Àwọn kan ní ìmùlẹ̀ ni ó kù tí a kò tíì ṣe. Altiero Spinelli ni aṣáájú wọn, ọmọ Ítálì tí ìjọba Mussolini sọ sí àtìmọ́lé ní erékùṣù Ventotene. Níbẹ̀ ni òun àti Ernesto Rossi ti kọ ìwé kan ní 1941, tí wọ́n sọ nínú rẹ̀ pé gbòǹgbò ogun ni òmìnira aláìlákòóso tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní. Gẹ́gẹ́ bí èrò wọn, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀sọ̀ gé gbòǹgbò bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo ìlú jókòó, kí wọ́n ṣe òfin kan, kí wọ́n fi ìjọba kan sí orí ara wọn. Ohùn kan náà ni Kwame Nkrumah fi sọ̀rọ̀ ní Addis Ababa ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, nígbà tí ó ní kí Áfíríkà ní ìjọba kan ṣoṣo kíákíá. Abubakar Tafawa Balewa ti Nàìjíríà wà lára àwọn tí kò gbà fún un. Òun ní kí a kọ́kọ́ mọ ara wa, kí a máa ṣòwò, kí a máa rin ìrìn àjò láàárín ara wa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ẹgbẹ́ kejì ní kí a fi ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀, kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́. David Mitrany, ọmọ Rùmáníà tí ó fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ibùgbé, ni ó gbé èrò yìí jáde nínú ìwé pẹlẹbẹ kan ní 1943. Bí ọ̀rọ̀ náà ti yé mi, àáró ni Mitrany ń sọ. Nígbà tí àgbẹ̀ mẹ́ta bá ń ṣe àáró, wọn kì í kọ́kọ́ jà lórí ẹni tí yóò jẹ baálẹ̀. Oko ẹni yìí lónìí, oko ẹni yẹn lọ́tùn-únla. Bí ọkọ́ ti ń lọ ni ọ̀rẹ́ ń jinlẹ̀. Àjọ tí ó so àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ gbogbo ayé pọ̀ ti wà láti 1874. Nítorí rẹ̀ ni lẹ́tà fi ń ti Òṣogbo dé Salvador ní Bahia láìjẹ́ pé ẹni tí ó fi í ránṣẹ́ tún san owó fún ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó gbà kọjá. Kò sí ìlú tí ó tìtorí rẹ̀ pàdánù adé. Mitrany kò fẹ́ pa pààlà rẹ́. Ohun tí ó fẹ́ ni kí iṣẹ́ pọ̀ lórí pààlà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní í ka pààlà sí mọ́.

Ernst Haas gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Mitrany, ó sì tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ọmọ Júù ni, a bí i ní Frankfurt ní 1924, òun àti ẹbí rẹ̀ sì sá kúrò ní Jámánì Hitler lọ sí Amẹ́ríkà ní 1938. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1958, ó ní iṣẹ́ kan kì í dá dúró. Bí ẹ bá pa èédú pọ̀, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ ojú irin tí ń kó o gbọ́dọ̀ ní òfin kan náà. Bí òfin ọkọ̀ bá ti jọra, owó bodè yóò di ìṣòro. Bí ẹ bá mú owó bodè kúrò, owó tí ẹ fi ń ná ara yín yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dá yín lẹ́kun. Ẹni tí ó bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Láàárín èyí, àwọn oníṣòwò àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò rí i pé ibi tí a ti ń pín nǹkan ti yí padà, wọn yóò sì kọ ojú sí ibẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó sì fẹ́ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: àdéhùn ọjà ti Róòmù tẹ̀ lé e ní 1957, àdéhùn Maastricht ní 1992, owó kan náà sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ènìyàn ní 1, oṣù Kìn-ín-ní, 2002.

Àwọn ẹgbẹ́ kẹta rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kò wọgbà kọjá ibi tí olóko fẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 1965, Charles de Gaulle ti Faransé pe àwọn aṣojú rẹ̀ kúrò níbi ìpàdé àjọ náà, ó sì fi àga wọn sílẹ̀ lófìfo fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà nítorí kò fẹ́ kí ìbò àwọn yòókù borí ti Faransé. Nígbà tí wọ́n parí ìjà náà ní Lúsẹ́mbọ́ọ̀gì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, Faransé dúró lórí i pé bí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí ó jẹ ìlú kan lógún gidigidi, kí ìjíròrò máa bá a lọ títí ohùn yóò fi ṣọ̀kan. Ní ọdún náà gan-an ni Stanley Hoffmann kọ ọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè lè fi ọ̀rọ̀ ọjà du ara wọn, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ti ẹ̀mí àti iyì, oníkálukú á di tirẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà, Andrew Moravcsik fi ìwé ńlá kan tì í lẹ́yìn ní 1998: ó ní ìdúnàádúrà lásán ni gbogbo rẹ̀, olórí ìlú kọ̀ọ̀kan ń wá èrè fún àwọn ará ilé rẹ̀. Haas fúnra rẹ̀ kò ṣe agídí; ní 1975 ó kọ ọ́ pé tíọ́rì òun ti gbó. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀mọ̀wé fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí rẹ̀.

Ẹnì kẹrin ni Karl Deutsch, ọmọ ìlú Prague. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 1957 pé kí a má kàn máa wo àwọn ìjọba. Kí a wo àwọn ènìyàn. Mélòó ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ara wọn? Mélòó ni wọ́n ń fẹ́ ara wọn, tí wọ́n ń ná ọjà ara wọn, tí wọ́n sì lè mọ ohun tí aládùúgbò yóò ṣe kí ó tó ṣe é? Ibi tí èyí bá ti pọ̀ tó, ogun á di ohun tí kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni mọ́, ìbáà jẹ́ ìjọba méjì ni wọ́n ní. Wọ́n tọ́ka sí Norway àti Sweden, tí ó túká ní 1905 láìsí ogun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àpẹẹrẹ yìí sí ọkàn. A ó padà sí orí rẹ̀.

Bí mo ti ń ka gbogbo nǹkan wọ̀nyí, kì í ṣe èdè àjèjì ni mo gbọ́. Akínṣọlá Akíwọwọ̀, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ó kọ́ni ní Ifẹ̀, ti kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá wà nínú èdè wa, ó sì fi àjọbí àti àjọgbé ṣe àlàyé rẹ̀. Àjọbí ni ti ẹ̀jẹ̀. Àjọgbé ni ti àwọn tí ó jọ ń gbé, ìbáà jẹ́ pé wọn kò bá ara wọn tan. Èmi yóò fi ìmùlẹ̀ kún un, èyí tí í ṣe májẹ̀mú. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n mẹ́ta yìí wọn ìtàn tiwa.

Àjọbí kò tó. Ẹni tí ó bá ti gba Ìmẹ̀kọ kọjá lọ sí Kétu mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní 1889 ni ó la ilẹ̀ yẹn sí méjì, Kétu bọ́ sí ibi tí ó di orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí Nàìjíríà. Oríkì kan náà ni wọ́n ń kì, òkú kan náà ni wọ́n ń sin. Síbẹ̀, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, kò sí ẹni tí ó bi oríkì léèrè kí ó tó ti ilẹ̀kùn.

Ìbẹ̀rù náà kò tó. Nígbà tí Ìbàdàn ń ni àwọn ìlú ìlà-oòrùn lára, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìgbómìnà para pọ̀, wọ́n sì jagun ní Kírìjí lábẹ́ Ògèdèńgbé. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní 1886, àgọ́ ogun sì tú ní 1893. Nígbà tí ó tú, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Èkìtìparapọ̀ kò di ìjọba kan. Ẹ wá fi Abẹ́òkúta wé e. Ìbẹ̀rù náà ni ó kó àwọn Ẹ̀gbá lọ sí abẹ́ Olúmọ ní 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, tí Òwu sì tẹ̀ lé wọn láìpẹ́. Wọ́n lé ogun Dahomey padà ní 1851 àti ní 1864. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò túká nígbà tí ọ̀tá lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò fipá gba adé ẹlòmíràn: Aláké, Ọ̀ṣilẹ̀, Àgùrá àti Olówu wà níbẹ̀ títí di òní. Kí ni ìyàtọ̀? Èkìtìparapọ̀ jọ pàgọ́ ni. Ẹ̀gbá jọ kọ́lé. Ọjà kan ni wọ́n ń ná, odò kan ni wọ́n ń pọn, wọ́n sì ń jà bí ahọ́n àti eyín, tí kò sí èyí tí ó lè kó jáde ní ẹnu. Àjọgbé ni ó sọ ìbẹ̀rù di ìlú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá wo àjọ tiwa. Ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, 1975, orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fọwọ́ sí ìwé ní Èkó láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ètò Ọrọ̀ Ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí ECOWAS. Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ni ó ṣe wàhálà jù lórí rẹ̀. Oṣù méjì péré lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, ṣùgbọ́n àjọ náà dúró. Ní 1979, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ọmọ ìlú kankan nínú wọn lè wọ ìlú èyíkéyìí láìgba físà, kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́.

Àwọn ènìyàn ti ń ṣe èyí kí ìjọba tó dá a sílẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ọ̀ffà ti kún ọjà Gánà tipẹ́. Àwọn ará Èjìgbò sì sọ Abidjan di ilé kejì. Deutsch ìbá yọ̀ láti rí wọn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Àwọn tí a bí sí ibẹ̀, tí èdè ibẹ̀ yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, di ẹrù wọn, wọ́n padà sí ilé tí wọn kò rí rí. Gbèsè tí wọ́n jẹ́ wọn níta kò ṣeé sin mọ́.

Ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn rẹ̀, ó kan àwa náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, tí owó epo ti já wálẹ̀, tí ìbò sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba Nàìjíríà pàṣẹ kan náà. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ tí ó ní láti kó jáde, ọmọ Gánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Gánà fúnra rẹ̀ ti ti ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Tógò ṣáájú ìgbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ há sí ojú ọ̀nà ní Bẹ̀nẹ̀. Àpò onílà tí wọ́n fi di ẹrù gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, Ghana Must Go, a sì ń fi kó aṣọ lọ sí òde ìnáwó láìrántí ohun tí a ń pè.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé òfin wà lẹ́yìn ìjọba. Òótọ́ ni. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni àdéhùn sọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lo ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo pọ̀, tí a nílò olùkọ́ àti bíríkìlà, ta ni ó ka ọjọ́? Ibi tí tíọ́rì gbogbo ti mẹ́hẹ nìyí. Mitrany sọ bí àáró ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kò sọ ohun tí yóò dá ẹni tí a ti bá ro oko tirẹ̀ tán dúró kí ó má fi ọkọ́ kọ́ èjìká lọ ilé. Moravcsik sọ pé bí èrè bá tán, àdéhùn tán. Ó jọ pé ọdún 1983 dá a láre. Ṣùgbọ́n àlàyé ohun tí ènìyàn ṣe kọ́ ni àlàyé ohun tí ó tọ́ kí ó ṣe. Nínú àáró tòótọ́, ẹni tí a bá oko rẹ̀ ro tí kò wá sí oko ẹnìkejì kì í ṣe ọlọ́gbọ́n oníṣòwò lójú abúlé, aláìnítìjú ni. Ìtìjú yìí gan-an ni ó ń di àáró mú, kò sì sí nínú ìwé èyíkéyìí nínú wọn.

Ohun kan tún wà tí ìtàn wa fi kọ́ Haas lọ́gbọ́n. Ní Yúróòpù, èédú ni ó fa owó. Lọ́dọ̀ tiwa, iná ni ó fa ọmọ ogun. Àjọ ọrọ̀ ajé ni ECOWAS, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún 1990 ó kó ọmọ ogun lọ sí Làìbéríà, nítorí bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ìyẹn ni ó gbé e dé ibi pé ní 2001 ó ṣe òfin lòdì sí ìdìtẹ̀gbàjọba. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀r ní oṣù Keje ọdún 2023, àjọ náà ti ẹnubodè, ó dá òwò dúró, ó halẹ̀ ogun; Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tí ó ń tà fún Nìjẹ̀r. Àwọn ológun ni ó rú òfin. Ebi àti òkùnkùn náà sì wọlé tọ ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Àjọ tí a dá nítorí oúnjẹ fi oúnjẹ ṣe pàṣán. Ní 29, oṣù Kìn-ín-ní, 2025, Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ̀r jáde, ó sì ku orílẹ̀-èdè méjìlá.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ ní Yúróòpù: wọ́n dìbò ní 2016, wọ́n jáde ní 2020. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn kan yóò sọ pé ìrẹ́pọ̀ kò ṣeé ṣe nìyẹn. Èmi kò gbà. Ẹ rántí Norway àti Sweden. Bí a ṣe ń mọ àjọgbé kì í ṣe pé wọn kò túká, bí kò ṣe bí wọ́n ṣe ṣe sí ara wọn nígbà tí wọ́n túká. Ní ọjọ́ tí àwọn mẹ́ta yẹn jáde gan-an, ECOWAS ní kí àwọn tí ó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn wọn máa wọlé láìgba físà, kí ọjà wọn sì máa kọjá títí a ó fi tún ọ̀rọ̀ sọ. Nínú gbogbo ohun tí àjọ náà ti ṣe láti 1975, mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ní láárí jù, nítorí kò sí èrè ojú ẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò gùn. Àìní lè mú aládùúgbò pàdé, ìbẹ̀rù sì lè mú wọn dúró fún ìgbà díẹ̀. Àdéhùn dára kí ó wà ní kíkọ. Ṣùgbọ́n ọdún ìyàn ni a ń fi wọn ìmùlẹ̀, a kì í fi ọdún ọ̀pọ̀ wọ̀n ọ́n. Nàìjíríà nìkan ju ìdajì àwọn ènìyàn àjọ náà lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ẹnikẹ́ni lọ: àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣọ̀kan wa jẹ́ òótọ́, kí a má lọ sí gbọ̀ngàn tí àwọn olórí ti ń ya fọ́tò. Kí a lọ sí Ìdìrókò tàbí Sẹ̀mẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan le, kí a wo ohun tí a ń ṣe fún obìnrin tí ó gbé ẹrù ka orí, tí èdè rẹ̀ kì í ṣe tiwa, tí kò sì ní nǹkan tí yóò fún wa.